Àtẹ́lẹsẹ̀ Mi Jóná, Orí Mi Pé

Òórùn àdín ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, àdín dúdú tí wọ́n gún àlùbọ́sà sí, kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà. Lẹ́yìn náà ni ìrora dé. Ẹsẹ̀ mi ń ta mí bíi kí ata wọ egbò. Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló di ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú, tó na àtẹ́lẹsẹ̀ mi sí iná igi nílé wa ní Ìwárò-Ọ̀kà. Ó ń sunkún, ó ń pè mí: "Bọ́sẹ̀ o! Bọ́sẹ̀, padà wá o!" Mo ti padà. Iná ni wọn kò tíì gbé mi kúrò nídìí rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Àkókó mọ ohun tí mo ń wí. Bí gìrì bá mú ọmọ, wọn á fi àdín pa á lára, wọn á na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná kó lè jí. Wọn kì í ṣe é tìkàtìkà. Mo fẹ́ràn Màmá àgbà títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n àpá náà wà lẹ́sẹ̀ mi títí dòní, mi ò sì ní sọ pé kò dùn mí torí pé ẹni tó fẹ́ràn mi ló ṣe é.

Màmá mi, tó ń kọ́ kíláàsì kìíní nílé ìwé tí mo ń lọ, ti lọ pọn omi. Nígbà tó dé tó rí ẹsẹ̀ mi, ó sọ garawa kalẹ̀, ó pọ̀n mí, a wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́. Dókítà tọ́jú ẹsẹ̀ mi, ó wá béèrè bóyá ó ti ṣe mí rí. Màmá mi ní ìgbà kẹta nìyí. Dókítà ní wárápá ni, pé inú ọpọlọ ló ti ń wá, pé kì í ràn, pé oògùn wà tí n óò máa lò lójoojúmọ́. Màmá mi ní kó tún un sọ. Ó kọ "kì í ràn" sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ó tì o! Àwọn ọmọ agboolé tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí wárápá tún gbé mi ṣubú nílé ìwé, àwọn òbí wá bá ọ̀gá àgbà pé itọ́ mi yóò ran ọmọ àwọn. Ọ̀gá ní kí n jókòó sílé. Àwọn àgbà ìjọ wa sì ní kí wọ́n mú mi lọ sí ilé àdúrà kan nínú oko, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, láìsí oògùn. Bàbá mi ti ń mi orí pé kò burú. Ẹ̀rù bà mí.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n wá mú mi. Màmá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin àgbà," ó ní. "Mo gba àdúrà gbọ́, mo ṣì gbàdúrà lé ọmọ yìí lórí lálẹ́ àná. Ọmọ mi á gbàdúrà, á lo oògùn, á sì lọ sílé ìwé. Ẹ má mú ẹ̀wọ̀n yín dé ọ̀dọ̀ mi."

Àgbà kan ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé o mọ̀ ju ìjọ lọ ni?"

"Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí? Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n bínú lọ. Bàbá mi kò bá Màmá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Màmá mi mú mi lọ sílé ìwé láìka ọ̀rọ̀ ọ̀gá sí. Olùkọ́ mi kò gbà mí, Màmá mi bá gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tirẹ̀, láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní àkókò ìsinmi, ó ra ẹ̀wà, ó jókòó sí gbangba, ó fi ṣíbí kan náà bọ́ mi, ó sì fi jẹ tirẹ̀. "Ẹ máa wò mí o," ó ní. "Tó bá ràn, ara mi lẹ ti máa rí i." Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, odindi táàmù kan. Àwọn kan ń retí kó ṣubú, wọ́n retí rẹ̀ tì. Nírọ̀lẹ́, á ní kí n kàwé sókè kí gbogbo agboolé gbọ́. "Kò sóògùn ìtìjú lọ́sibítù," ó máa ń sọ, "ìwọ lo máa wò ó fúnra ẹ." Ní táàmù kejì, Rámátù, ọ̀rẹ́ mi, wá jókòó tì wá, ó ní kí wọ́n fún òun náà ní ṣíbí. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà fi ní kí n padà sí kíláàsì mi. Kò tọrọ àforíjì, Màmá mi kò sì dúró dè é.

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé gíga kan ní Ìkàrẹ́, mo sì ń lo oògùn mi lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, wárápá gbé mi ṣubú níwájú kíláàsì. Nígbà tí mo lajú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀, bí mo ti kọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní. Ẹnikẹ́ni kò da nǹkan sí mi lẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò mú iná wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sá jáde, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Bọ́sẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ì bá fọwọ́ bojú, kó máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú òun lọ sílé. Èmi nu ẹnu mi, mo gbọn aṣọ mi, mo he ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta, ẹ wọlé," mo ní. "A ò tíì ṣe ìbéèrè kẹrin tán."