Fítámì Sí Tó Ti Pọ́n

Erìgì ìyá mi ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà eléyín ní Àpápá ní kí ó máa lo fítámì sí, oògùn tó máa ń kan lẹ́nu bí ọsàn. Bí erìgì náà kò bá le láàárín oṣù kan, wọn yóò yọ eyín méjì tó ń mì.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì ní Boundary ni mo ti rà á. Òun ni mo máa ń lọ bá bí mo bá ń kọ ìròyìn lórí ayédèrú oògùn. Òun ló kọ́ mi pé lébẹ́ẹ̀lì ni kí n kọ́kọ́ kà, kí n wo ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Òun ló ṣàlàyé pé èyí tí wọ́n ń lá bíi súìtì yàtọ̀ sí funfun tí wọ́n ń fi omi gbé mì, àti sí èyí tó ń hó nínú omi. Nítorí pé òun ló tà á fún mi, n kò ka nǹkan kan.

Funfun ló tà fún wa. Nígbà tó yá, ìyá mi rí àmì pupa rúsúrúsú lára àwọn hóró náà, ó sì lọ bi ọ̀rẹ́ mi.

Ó ní, “Màmá, ṣebí ara ọsàn ló ti wá? Ó ti pọ́n ni.”

Ìyá mi fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣáà kan lẹ́nu, èyí tó bá sì kan ni àwa ń pè ní ojúlówó ní àdúgbò wa.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù pé, mo mú ike oògùn náà lọ sí ilé oògùn kan ní Wharf Road láti ra irú rẹ̀. Obìnrin tó wà níbẹ̀ da hóró mẹ́ta sórí bébà. Ó ní atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ti jẹ agbára rẹ̀ tán. Ó fi èékánná ṣí lébẹ́ẹ̀lì. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sì ti kọjá tipẹ́.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló tà á fún yín?”

Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo padà sí Boundary. Mo fi ọjọ́ tó wà lábẹ́ lébẹ́ẹ̀lì náà han ọ̀rẹ́ mi, kò jiyàn. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ní fítámì sí àwọn ọmọ ti tán nílé. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ike tuntun yọ lábẹ́ káńtà, wọn kò tíì já ìdérí rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ, mo ní, “Ìyá tèmi ńkọ́?”

“Ìyá ẹ ò ṣáà kú. Ṣé fítámì ń pa èèyàn ni? Bó o bá sì máa kọ ọ́, ọ̀gá oníròyìn, ta lo máa fi ṣe ẹlẹ́rìí báyìí?”

Wọ́n yọ eyín méjèèjì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Òwú ṣì wà lẹ́nu ìyá mi nígbà tó bi mí bóyá ọ̀rẹ́ mi gbọ́ pé wọ́n yọ eyín òun, bóyá ó ní kí n kí òun. Mo ní ó kí i. Kò kí i.