Ẹ Tan Rédíò Ná

Bí mo bá ń kọjá ní Ṣómólú tí mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo máa ń dúró díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Atẹ̀wé, ni mo ń rántí.

Láyé àwọn sójà, Bàbá tẹ ìwé fún àwọn ọmọ yunifásítì kan tó ń pariwo pé ebi ń pa ìlú. Sójà wá gbé Bàbá. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá Bàbá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Bàbá ò bá wọn padà wálé. Bí ìyàwó wọn bá wulẹ̀ sọ pé gààrí tún ti gbówó lórí, wọ́n á sáré wo fèrèsé, wọ́n á ní kí ariwo rédíò bo ọ̀rọ̀ náà.

“Ẹ tan rédíò ná! Ẹ ò mọ ẹni tó ń kọjá.”

Àwa ọmọ ilé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pẹ́ táwa náà fi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀, wọ́n padà sí bárékè. Mo bí àkọ́bí mi, mo ní Bàbá ni yóò sọ ọ́ lórúkọ. Ilé kún, gbogbo èèyàn ń retí orúkọ. Bàbá gbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n wo fèrèsé.

“Ẹ tan rédíò ná.”

Inú bí mi, síbẹ̀ èmi fúnra mi ni mo dìde lọ tàn án. Bàbá sọ orúkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ ariwo rédíò; kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ọmọ mi.