Ìyá Kọ́tìnì Lọ Gbọ́ Orin Abẹ́lẹ̀

Kò sí ilé tí Ìyá Kọ́tìnì wọ̀ tí kì í kọ́kọ́ fojú wọn fèrèsé kó tó kí onílé. Ẹ má bínú sí i, iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kọ́tìnì ló ń rán láti ìgbà ọmọge rẹ̀: ti ọ́fíìsì, ti ilé ìwòsàn, ti àwọn tó ń ṣe fáàrí, ti àwọn tó kàn fẹ́ kí aládùúgbò gbójú kúrò lára wọn. Máṣíìnì rẹ̀ wà ní pálọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án léjìká.

Wẹ́dà ni ọkọ rẹ̀. Irin ni ọkùnrin náà fi bọ́ wọn, èéfín irin náà ló sì pa á. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́, ó di ẹni tó ń dùbúlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fún ní afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Iná tó ti ń wò láti kékeré ti jẹ ẹ́ tán. Tí o bá jókòó tì í tí o ò sọ̀rọ̀, kò ní mọ̀ pé èèyàn wà lọ́dọ̀ òun.

Ọ̀sán gangan ló kú. Ìyàwó rẹ̀ ń sáré rán kọ́tìnì hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ́wọ́ ní pálọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo ló jókòó tì í ní yàrá. Jẹ́jẹ́ ni bàbá ń pe ọmọ náà, nítorí pé láti kékeré ni kì í pariwo, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ jáde sí pálọ̀ tó fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ léjìká, obìnrin náà ti mọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Kí ni bàbá ẹ sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, Mààmi. Ó kàn sùn lọ ni."

Ìdáhùn yẹn dùn ún, ó sì tù ú nínú. Ó dùn ún pé ọkùnrin tí wọ́n jọ jìyà, tí wọ́n jọ jẹun, lọ láìsọ pé ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n ó tù ú nínú pé ọmọ wà níbẹ̀. Kò sí oníbàárà tó wá wọn aṣọ tí kò gbọ́ ọ rí: "Ọmọ mi ò fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó tì í títí dé òpin." Gbólóhùn yẹn ló fi ń dìde láàárọ̀. Ká má parọ́, kò ní òmíràn.

Ìdí ni pé bàbá àti ọmọ ò rẹ́ tẹ́lẹ̀. Orin ló dá ìjà sílẹ̀. Orin wo? Orin tí kò ní ìlù, tí kò ní ègbè, tí arọ àti abarapá jọ pàdánù ijó rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni Jẹ́jẹ́ fi ń ṣe é. Á gba ohùn fáànù sílẹ̀, á gba ti omi tó ń kán nínú báfù, á fà á gùn, á tẹ̀ ẹ́ rì, á wá ní òun ti parí orin. Rédíò kankan ò gbé e rí. Àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wẹ́dà a máa ní, "Èmi fi eruku irin rán ẹ nílé ìwé, o wá ń gba ohùn fáànù sílẹ̀? Ṣé fáànù ò lè sọ tẹnu ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni?"

Tí Jẹ́jẹ́ bá sì ti gbé maikirofóònù kalẹ̀, gbogbo ilé di ẹrú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira. Lọ́jọ́ kan tí ìyá rẹ̀ sín, ọmọ yìí wò ó bí ẹni pé ó tutọ́ sí i lóúnjẹ. "Mààmi! Ẹ ti bà á jẹ́." Obìnrin náà ń tọrọ àforíjì nítorí pé ó sín nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ rí ayé bí?

Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn ìsìnkú kí Jẹ́jẹ́ tó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. "Mààmi, a fẹ́ ṣe ìgbọ́rin kan ní Sunday, lọ́sàn-án. Orin tèmi ló máa kẹ́yìn. Bàbá ni mo ṣe é fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ìyá Kọ́tìnì wọ bàtà tó ti ń pa mọ́, ó fín lọ́fínńdà, ó tẹ̀ lé e.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta táyà ni wọ́n ti ṣe é. Òórùn rọ́bà ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ha! Kò ní fèrèsé!" Ó dùn ún dọ́kàn. Àwọn ọ̀dọ́ ti bọ́ bàtà, wọ́n nà gbalaja sórí ẹní, wọ́n dijú. Ó kọ́kọ́ rò pé ara wọn ò yá ni. Àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fún un. Ọmọbìnrin tó ni yàrá náà, tó fárí kodoro, kúnlẹ̀ kí i: "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ má wulẹ̀ wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣáà máa gbọ́."

Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sí i. Ìyá Kọ́tìnì gbọ́ ohùn fíríìjì tó fẹ́ kú, ó kù díẹ̀ kó dìde lọ pa á. Ó ń kùn ṣáá. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan nínú kíkùn náà, bí ẹni pé àwọn èèyàn kan ń kọrin ní òdìkejì odò. Ó tẹ́tí kó lè mú ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kò rí i mú. Lójijì ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́, yàrá náà sì ṣófo létí rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ó wu òun kó padà wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ gíláàsì ló ni èkejì. Ti eléyìí, ńṣe ló ń ta ṣáṣá, ṣáṣá, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù, ẹnì kan sì ń wọ́ àga lọ wọ́ àga bọ̀ lókè àjà. Obìnrin náà rántí yàrá tí òun àti Wẹ́dà kọ́kọ́ háyà, bí òjò ṣe máa ń lu òrùlé wọn tí wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ rọ. Ó ní àṣé ohun tí ọmọ òun ń wá kiri nìyí. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún bàbá kó tó lọ.

Orin Jẹ́jẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Fíìì. Ó dúró. Fíìì. Ó dúró.

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ọkọ rẹ̀ ni. Jẹ́jẹ́ ti tẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ kan sábẹ́ rẹ̀, ó nípọn, ó ń lọ ó ń bọ̀. Ó dára. Inú ń bí èmi tó ń sọ ìtàn yìí o, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó dára. Lókèèrè, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nǹkan kan ń dún gìrìgìrì. Máṣíìnì tirẹ̀ gan-an ni, láti pálọ̀. Ìyá Kọ́tìnì rẹ́rìn-ín músẹ́ pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní ọmọ òun kó gbogbo ilé sínú orin.

Ìgbà náà ni Wẹ́dà sọ̀rọ̀.

"Jẹ́jẹ́."

Fíìì.

"Jẹ́jẹ́, ṣé o wà ńbẹ̀?"

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Nítòsí, bí ẹni pé ó wà létí rẹ̀ gan-an, ó gbọ́ èémí ẹnì kan tó fà á sínú, tó sì dì í mú.

"Àbí kò séèyàn ńbẹ̀ ni?" Ohùn náà ti ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní, "Ìyá Jẹ́jẹ́ o."

Máṣíìnì ò dúró. Gìrìgìrì, gìrìgìrì, ó ń rán kọ́tìnì hòtẹ́ẹ̀lì lọ. Jẹ́jẹ́ wá fa ìpè tó kẹ́yìn yẹn gùn, títí ó fi di ohùn tín-ínrín kan ṣoṣo tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú mọ́, gbogbo yàrá sì mí kanlẹ̀.

Onígíláàsì ń nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí! Bí ẹnikẹ́ni ò ṣe dá a lóhùn yẹn, ibẹ̀ gan-an ló dùn jù."

Jẹ́jẹ́ tẹrí ba, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ o!

Ìyá rẹ̀ dìde. "Jẹ́jẹ́, o wà ńbẹ̀."

"Mo wà ńbẹ̀, Mààmi."

"Ó ń pè ọ́."

"Tí n bá dáhùn, ohùn mi á wọnú ẹ̀." Ó ń wo ilẹ̀. "Mo ní tí n bá ti gbà á tán, màá dá wọn lóhùn. Mi ò mọ̀ pé wọn ò ní dúró."

"O ní kò sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ fún yín, Mààmi? Pé wọ́n pè yín, ẹ ò gbọ́?"

 Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Ẹ wá bá mi wo eléyìí, tó dákẹ́ tó sì ṣìwí! Obìnrin náà di ògiri mú gun àtẹ̀gùn, ó sì dá rìn lọ sílé.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sídìí máṣíìnì láìtan iná sí i. Kọ́tìnì kan tó rán dé ìdajì ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ń wá gbólóhùn tó fi ń dìde láàárọ̀. Ó sọ ọ́ jáde, "Ọmọ mi ò fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀," ó sì rí i pé kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ fi dún lẹ́nu ọ̀nà. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Mààmi."

Kọ́kọ́rọ́ wà lórí itan rẹ̀. Ó fẹ́ dáhùn. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí ọmọ náà kọ́kọ́ pè lẹ́ẹ̀kan sí i ná.

"Mààmi, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Ohùn náà ti padà di ti ọmọdé. "Mààmi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ti máa ń rò pé iṣẹ́ ńlá ni, kí ọmọ ẹni máa pe èèyàn kéèyàn má dá a lóhùn. Kò le rárá. Èèyàn á ṣáà di èémí rẹ̀ mú ni.