Ìmọ̀ràn tí Kíkẹ́ Fún Oyèṣọlá

Bí Oyèṣọlá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìránṣọ Kíkẹ́ á dákẹ́. Kì í ṣe àánú. Ó ń wá ibi tí ọmọ náà ti ṣì í ṣe ni, kò sì rí i rí.

"Ẹ wo ojú ẹ̀! Ẹ wo ojú ẹ̀!" Àlàájà Ìdíátù tó ń ta obì ní Ṣàgámù wá wọn aṣọ, àmọ́ ó ti gbàgbé pé apá kan ṣoṣo lòun ti kì bọ̀ ọ́. "Àǹtí Télọ̀, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí ni?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí."

"Háà! Kí ló wá dé tí wọn ò fi í fún un ní ipa tó ju ọmọ ọ̀dọ̀ lọ? Òní ìgbálẹ̀, ọ̀la ìgbájú. Ọmọ tó yẹ kó ṣe ìyáálé ilé!"

Kíkẹ́ kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu kó má baà dáhùn.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ṣe eré Ẹ́sítérì, Kíkẹ́ ni ayaba. Oyèṣọlá ló ń gbé ìdí aṣọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ayaba ló wá ń rán yúnífọ́ọ̀mù báyìí. Ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò. Ìgbálẹ̀ yẹn nìkan ló ń tu Kíkẹ́ nínú. Gbogbo Ọjọ́rú, nínú ìpàdé àdúrà, òun ló ń ṣáájú pé kí Ọlọ́run gbé Oyèṣọlá ga. Bó bá délé tó rí i nínú tẹlifíṣọ̀n tó ṣì ń gbálẹ̀, oúnjẹ á dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Oyèṣọlá pè é.

"Àǹtí mi, wọ́n ti fún mi ní ipa ńlá! Adájọ́ ni mo fẹ́ ṣe. Èmi ni wọ́n á máa bẹ̀ báyìí!" Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ Sátidé nìkan ni kóòtù tí wọ́n fẹ́ lò máa ń ṣófo. Mọ́mì ní ohun tí ẹ bá sọ ni kí n ṣe."

Láti ìwọ̀ oòrùn Jímọ̀ títí di ìwọ̀ oòrùn Sátidé, Kíkẹ́ kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Sábáàtì ìjọ wọn ni; òfin Ọlọ́run ni, ó dá a lójú. Ohun tó bà á lẹ́rù ni bí ìdáhùn náà ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀ tó.

"Ṣé ó yẹ kó o bi mí? Ọjọ́ Ìsinmi Olúwa ni. Sọ fún wọn pé o ò ṣe."

"Ṣé kí n bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wá ibòmíì?"

Kíkẹ́ mọ̀ pé wọ́n á wá a. Ta ló máa rí irú òṣèré yẹn tí kò ní wá kóòtù míì fún un?

"Má wulẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni," ó ní. "Ọlọ́run lò ń sìn."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Oyèṣọlá tún pè. "Wọ́n ti fún ẹlòmíì. Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Ọpẹ́lọpẹ́ yín, mi ò bá ti ṣubú." Ẹkún inú tẹlifíṣọ̀n náà ló ń sun, àmọ́ kò sí kámẹ́rà tó ń yà á. "Ẹ bá mi gbàdúrà."

Kíkẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ sáàárín àgékù aṣọ, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Ayọ̀ tó ti ń retí kò wá.

"Olúwa, fún un ní ipa tó ju èyí lọ…"

Ó dúró. Bí Ọlọ́run bá gbọ́ ńkọ́? Bí kò bá sì sí ẹni tó ń gbọ́ ńkọ́, tó jẹ́ pé Kíkẹ́ nìkan ló gba ipa adájọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Kò mọ èyí tó ba òun lẹ́rù jù.

"Àmín!" Oyèṣọlá ké nídìí fóònù lọ́hùn-ún. "Àmín, Àǹtí mi! Ẹ máa bá a lọ."