Ọkọ Abo Ẹṣin

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá àbúrò mi ń jowú. Ilé kan náà la jọ ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló la yàrá wa láàárín, ìsọ̀ kan náà la sì jọ ń lò: èmi lápá ọ̀tún pẹ̀lú máṣínnì ìránṣọ mi, òun lápá òsì pẹ̀lú òòlù, awọ àti gọ́ọ̀mù tó ń rùn gbùù. Bàtà ló ń ṣe. Bó bá mí kanlẹ̀, mo gbọ́. Ó ń jowú, kò sì sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà o. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń jowú.

Ẹ ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kúkúrú ọkùnrin ni àbúrò mi. Láti kékeré, kò sẹ́ni tó máa ń rí i. Wọ́n á pín nǹkan, wọ́n á gbàgbé tiẹ̀. A óò ya fọ́tò, orí ẹlòmíì á bò ó. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ asáré àdúgbò wa sáré láàárọ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé ó wà láyé. Kò sẹ́ni tó lè bá a. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹṣin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dé abẹ́ fèrèsé rẹ̀, wọ́n á máa kan án gbà-gbà-gbà: "Ẹṣin! Ẹṣin ò!" Ẹ wá wo bó ṣe máa ń yan jáde. Ọkùnrin tí wọn kì í pè rí, wọ́n ń wá jí i nílé.

Nígbà tí bàtà eré rẹ̀ gbó, mo ní kó ra òmíì. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí oníbàtà tún máa ra bàtà?" Ó gé táyà ọkọ̀ àlòkù, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, ó tún fi okùn rán an yíká. Nǹkan náà le koko. Ó ń fi lu ògiri ìsọ̀ wa fún gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Èyí? Ọmọ-ọmọ mi á bá a láyé!" Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ gbé tiwọn wá, ó sì ṣe é fún wọn.

Kò pẹ́ kò jìnnà, gìgísẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Á jí láàárọ̀, á máa di ara ibùsùn mú rìn. Mo ní kó sinmi. Ó ní bí ara bá ti gbóná, kò ní dùn ún mọ́. Ó ń sáré lé e lórí títí iṣan ibẹ̀ fi ya lójú ọ̀nà, lẹ́bàá afárá. Orí kẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi gbé e wálé. Ó ní kòtò ló gbé òun lẹ́sẹ̀. Gbogbo àdúgbò bá wa ṣépè fún kòtò yẹn. Èmi fúnra mi bú u dáadáa.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí ìyàwó wa wà níbi iṣẹ́. Ilé ìtura ńlá kan ló ti ń fọṣọ. Aṣọ ibùsùn tútù ló ń gbé gun àtẹ̀gùn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ rántí ìyẹn o. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn náà tẹ ibi tó dùn ún, ó tẹ ibi tí kò dùn ún, ó wá ní ká mú bàtà tó fi ń sáré wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀. Ó fi orúnkún tì í, kò tẹ̀.

"Bàtà tí ò bá tẹ̀, iṣan gìgísẹ̀ ẹni ló máa ń fara gbá a," ó ní. "Kòtò kọ́ ló ṣe yín báyìí, ọ̀gá. Ta ló fi nǹkan yìí sísàlẹ̀ bàtà yín?"

Àbúrò mi wò mí. Mo gbójú sókè, mò ń wo àjà.

"Ẹnì kan báyìí lọ́jà ni," ó ní.

Nígbà tá a jáde, a ò tíì dé géètì tó ti di apá mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bò ó o. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi léṣe, ta ló tún máa gbé bàtà wá fún mi?" Ikú yá ju ẹ̀sín lọ lójú tiẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni. Mo bò ó.

Ó wá ra bàtà eré tuntun, ó tọ́jú ẹ̀ sínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Tó bá fẹ́ ṣe ohun tí obìnrin yẹn kọ́ ọ nìkan ló máa ń wọ̀ ọ́: á dúró létí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè, á wá máa sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á ti fún pọ̀. Tó bá ṣe tán, á nù ún, á dá a padà sínú páálí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìrora kọ́ ló le jù níbẹ̀ o, sùúrù ni. Láàárọ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá, irọ̀rí ló máa ń fi bo etí. Ó ń bá oníbàárà jà. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Obìnrin ilé ìwòsàn yẹn ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó má sì dá rìn, kí ọkàn rẹ̀ má bàa rẹ̀wẹ̀sì.

Ìyàwó wa ní òun á máa bá a rìn.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dé ìkóríta, kí wọ́n padà. Dé ìkóríta, kí wọ́n padà. Ìyàwó wa kì í ṣe ẹni tó ń rìn bí ìgbín. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọkọ mi, ẹ máa bọ̀, ẹ jẹ́ n sáré débi iná yẹn, màá padà wá bá yín." Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ mí hẹlẹ. Èmi ń wo ojú àbúrò mi láti ẹnu ọ̀nà. Ojú yẹn ò dáa.

Kí ẹ tó pajú pẹ́, ó ti ń bá ẹgbẹ́ sáré láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ síwájú wọn. Wọ́n wá ń kan fèrèsé bíi ti àtijọ́, gbà-gbà-gbà. Àárọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kàn án, àbúrò mi ti fò dìde lórí ibùsùn, mo gbọ́ ọ láti yàrá mi. Olórí ẹgbẹ́ wọn, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà, tá a sì ń pè ní Awakọ̀ síbẹ̀, ló pariwo níta: "Ẹṣin, sùn jàre, ìwọ kọ́! Abo Ẹṣin là ń pè!"

Ẹ gbọ́ ná, ṣé ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn sọ nìyẹn?

Orúkọ náà mọ́ obìnrin yẹn lára. Èyí tó wá burú ni pé ó ran ọkọ. Oníbàárà kan gbé sálúbàtà tó já wá, ó dúró lẹ́nu ìsọ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ Abo Ẹṣin!" Àbúrò mi fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, owú wọlé tọ̀ wá, ó jókòó. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ti dé, á bi í: "Ta ló ṣáájú? Ṣé wọ́n béèrè mi?" Tó bá ní wọ́n béèrè rẹ̀, á ní irọ́ ni. Tó bá ní wọn ò béèrè, á dijú mọ́rí di ọjọ́ kejì. Àárọ̀ kan, yìnyín ló dájà sílẹ̀. Obìnrin yẹn bu yìnyín inú fíríìjì lé orúnkún rẹ̀ tó wú. "Yìnyín ẹsẹ̀ mi nìyẹn!" lọkọ ń pariwo. "Ìwọ lo fara pa ni àbí èmi?" Mo fi sísọ́ọ̀sì lu tábìlì, mo ní, "Ẹ gbà mí o! Àgbàlagbà méjì ń jà sí omi dídì!"

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tán, ó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìkóríta, inú mi á máa ta mí bí ata. Ọ̀nà tèmi ló ń gbà. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí. Mi ò fẹ́ kó ṣubú o, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó dúró."

Mo ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, kó lọ jẹun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n sá eré-ìje ńlá ọdún yẹn ni bàtà ìyàwó wa bá lanu níwájú. Ó gbé e wá sí ìsọ̀, ó fi lé ọkọ rẹ̀ nítan. "Ẹ bá mi tẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ bíi tiyín ìjọsí. Èyí tí ọmọ-ọmọ yín máa bá láyé yẹn."

Ibi tó ti yẹ kí àbúrò mi sọ òótọ́ nìyẹn. Ó wo bàtà náà, ó ní, "Fi sílẹ̀."

Ó di ọjọ́ kejì, mo rí i tó fa táyà yọ lábẹ́ tábìlì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó ń gé e. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Mo dá máṣínnì mi dúró.

"Kí lò ń gé yẹn?"

"Ohun tó ní kí n ṣe fún òun."

"Ìwọ tó o mọ ohun tó fojú ẹ rí?"

Kò gbójú sókè. "Ṣebí wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀ le ju tèmi lọ."

Mo dìde, mo lọ dúró tì í. Mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Mo bo àṣírí ẹ nítorí pé ẹsẹ̀ ara ẹ ni. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lèyí. Tó o bá fi wọ̀ ọ́ láìsọ̀rọ̀, èmi ni màá sọ ọ́, ìta gbangba ni màá sì ti sọ ọ́." Ó ń kan án lọ, kò, kò, kò.

Àárọ̀ ọjọ́ eré-ìje, gbogbo ẹgbẹ́ dúró síwájú ìsọ̀ wa, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Ìyàwó wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àbúrò mi gbé bàtà náà jáde. Ó dán, ó lẹ́wà, kí n má parọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó ń so okùn. Ó so ó, ó tú u. Ó tún un so. Mo ti húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rò pé òtútù ló mú mi.

Ìyàwó wa gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ọkọ mi, ẹ má bọkàn jẹ́. Tí mo bá dé ibi afárá, màá fi bàtà yín yìí tẹ kòtò yẹn mọ́lẹ̀ fún yín. Màá ní ẹ kí i."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn.

"Kò sí kòtò níbẹ̀," ó ní.

"Ẹ̀n?"

"Bọ́ ọ. Bọ́ bàtà yẹn."

Àbúrò mi fà á bọ́ fúnra rẹ̀, ó jù ú sí Awakọ̀. "Tẹ̀ ẹ́." Awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, kò tẹ̀. Àbúrò mi ní, "Irú ẹ̀ ló ya mí níṣan. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáré lónìí. Ẹ gbé e wá, màá tú u."

Ẹnì kan nínú wọn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Ẹlòmíì pòṣé. "Abájọ tí gìgísẹ̀ fi ń ro mí! Ẹṣin, o ò ṣeun o!" Gbogbo orúkọ tí àbúrò mi ti fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, ó ń bọ́ lọ lójú gbogbo wa.

Ìyàwó wa yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, mi ò gbọ́ kó pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí.

"Kí n tó gé tìẹ."

"O mọ̀, o sì gé e."

"Mo gé e. Mò ń jowú rẹ. Mo fẹ́ kó o dúró dè mí."

Mo rò pé á gbá a létí. Àbúrò mi tiro wọlé, mo gbọ́ tó wọ́ àga, ó sì jáde pẹ̀lú páálí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ obìnrin yẹn gùn. Ó ti pẹ́ tá a ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó lè jọ máa wọ bàtà kan. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ bá a wọ̀ ọ́, obìnrin yẹn gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó so ó, ó bá wọn lọ. Kò wẹ̀yìn.

Àbúrò mi dúró létí àtẹ̀gùn láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀, ó gbé ara sókè, ó ń sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi yà ní ìkóríta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dùn mí o."

"Ẹsẹ̀ ni àbí ọkàn?"

"Á sáré dáadáa nínú bàtà yẹn."

"Á sáré dáadáa," mo ní. Kí n wá máa tan án jẹ?

Ó wọ ìsọ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya táyà kúrò lára bàtà tí wọ́n jù sílẹ̀ fún un.

Oòrùn ti ga nígbà tá a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ láti ìkóríta. Ó gbé orí sókè. Obìnrin yẹn wọlé, òógùn ti rin ín gbingbin, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ọkọ rẹ̀ nítan.

"Ẹ bá mi bọ́ bàtà yín."

Àbúrò mi ń tú okùn. Ó ní, "Ta ló ṣáájú?" Ẹ wo aláìnítìjú!

"Èmi kọ́. Mo dúró lórí afárá, mò ń wá kòtò." Ó nu ojú. "Títì ibẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, mi ò lè pa á mọ́ra. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Omi ló lé ròrò sí i lójú. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó tiro lọ sídìí fíríìjì, ó bu yìnyín wá, gbogbo rẹ̀ pátá, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ara rẹ̀.