Béèdì Mẹ́fà Lókè Ìkòsì

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà! Obìnrin méjì, àgbà méjì, lórí ẹ̀fọ́ tèmi!

"Èmi ni mo kọ́kọ́ débí!"

"O débí, àbí o gbìn ín? Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí béèdì mi jàre!"

"Béèdì ẹ láti ìgbà wo?"

Èmi ńkọ́? Mo dúró láàárín wọn, mo di garawa mú, mò ń rẹ́rìn-ín bíi dìndìnrìn.

Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀gbọ́n màmá mi, Big Mummy, ní ilẹ̀ kan ní Ìkòsì tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Mo bẹ̀ wọ́n kí n fi dáko ẹ̀fọ́. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní tí oṣù kẹsàn-án bá fi parí tí mi ò rí ẹni ra gbogbo béèdì mi, ọ̀gá tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ló nilẹ̀. Ọ̀gá yẹn ò tiẹ̀ dúró kí oṣù parí o! Ó ti da yanrìn típà kan sí ìdajì ibẹ̀.

"Aunty ẹlẹ́fọ̀ọ́," ló máa ń pè mí, "gbogbo ayé ń gbin ẹ̀fọ́ sétí odò, ìwọ ń ru omi lọ sórí òkè. Ṣé o fẹ́ wẹ̀ fún ilẹ̀ ni?"

Mo tún lọ pọnmi wá. Mo ti plan ẹ̀! Kí n tó gbin nǹkan kan, mo ti lọ bi àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Mile 12 pé ìgbà wo lẹ̀fọ́ máa ń wọ́n jù. Wọ́n ní tí odò Ògùn bá kún ní oṣù kẹsàn-án, tó gbé àwọn oko etí odò. Mo wá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, mo gbin tẹ̀tẹ̀ béèdì mẹ́fà. Òjò ò rọ̀ nígbà yẹn, ni mo ṣe ń ru omi.

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́ta, odò kún! Àánú àwọn tó loko ṣe mí, àmọ́ irọ́ ni tí mo bá ní inú mi ò dùn. Àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, inú béèdì ni wọ́n ti máa ń rà á, àwọn fúnra wọn á sì fà á. Bí àwọn méjì yẹn ṣe gòkè wá nìyẹn. Wọ́n pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta, kó tó di ọ̀sán, ilẹ̀ ti pá.

Ìrọ̀lẹ́ ni Big Mummy dé.

"Yéè! Olè! Wọ́n ti jí gbogbo ẹ̀ fà! Ọmọ yìí, o ò sì ṣọ́ ọ!"

"Mummy, wọ́n rà á ni! Gbogbo ẹ̀!"

Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n yọ fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ẹ wá kó yanrìn yín. Ilẹ̀ ti ní olóko."

Mo dì mọ́ wọn débi pé gèlè wọn já bọ́!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọ̀gá tó kó yanrìn ẹ̀ tán, mo gbé abọ́ lọ bá a.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí ní yanrìn díẹ̀."

"Ìwọ? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré wínníwínní, sà. Téèyàn ò bá pò ó mọ́ yanrìn, ojú kan ni gbogbo ẹ̀ máa dà sí."

Ó wo yanrìn ẹ̀, ó wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bù ú lẹ́ẹ̀mejì."

Mo bù ú lẹ́ẹ̀mejì, mo pò ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn láti ibi tí táyà típà ẹ̀ tẹ̀.