Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nílé wa. Ní Douala níbí o, níbi tí wọ́n ti ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ lẹ́bàá títì bí igi ìdáná, ilé wa ní Nkololoun nìkan ló kà á sí èèwọ̀. Bàbá mi ló ṣòfin náà. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kí wọ́n tó bí èmi àti èkejì mi tí a jọ jẹ́ ìbejì, àwọn atukọ̀ kan sì gbà pé àjálù ni kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Ilé kì í ṣe ọkọ̀, àmọ́ ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Nígbà tí màmá mi bi í bóyá òfin náà kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó fi ọjọ́ mélòó kan rò ó, ó sì dá a láre, nítorí pé kò sóhun tó fẹ́ràn tó dòdò.

A kò gbọdọ̀ súfèé, kí a má baà pe ìjì. Ó fi okùn so tẹlifíṣọ̀n mọ́ fèrèsé, ó so kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, ó so àga àlejò mọ́ tábìlì. Àlejò tó bá fa àga sẹ́yìn, tábìlì àti ọbẹ̀ á bá a lọ. Ojú máa ń tì mí débi pé mi ò kì í mú ọ̀rẹ́ wálé.

Lọ́dún tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan tí òjò ò dá, màmá mi pè mí lórí fóònù ní Logbaba tí mò ń gbé. “Omi ti wọlé,” ló wí, “bàbá yín sì ti di ọ̀gá ọkọ̀. Máa bọ̀.”

Takisí kọ̀ láti wọ àdúgbò, ni mo bá gba ọlọ́mọlanke kan. Nígbà tí mo wọlé, omi ti dé orúnkún. Bàbá mi dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú fìlà ojú omi rẹ̀ lórí. Màmá mi, tí ẹsẹ̀ ń dùn, jókòó sórí tábìlì, ó gbé báàgì lé itan.

“Ọ̀gá ọkọ̀ ló ń kẹ́yìn,” ni bàbá mi wí. “Kọ́kọ́ gbé ìyá rẹ jáde.”

“Bí bàbá yín ò bá ṣíwájú, mi ò lọ,” ni màmá mi dáhùn.

“Òkun ń kún bọ̀,” bàbá mi tún wí. “Bó bá ti kún, odò Wouri ò ní gba omi òjò mọ́. Kó tó di ọ̀sán, omi á mu wá dé ọrùn níbí.”

“Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì dúró!” Mo pariwo mọ́ ọn. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí gan-an.

Láti ìta, ọlọ́mọlanke ké pé omi ń bọ̀, òun ń lọ: “Papa, water di come oh! I di go!”

Ibi tí a ti ń fà á ni bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti léfòó jáde láti yàrá. Ó rọra ń bọ̀, kò kánjú, títí ó fi dúró níwájú bàbá mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ó ti pọ́n dáadáa.

“Mo ti mọ̀!” Bàbá mi na ìka sí màmá mi. “Ìyá Ìbejì, ìwọ lo rì wá!”

“Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ wo lẹ bá ṣiṣẹ́?” Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí tábìlì. “Ọkọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Faransé! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un dẹ́nu! Ẹ̀yin kọ́ sì lọ̀gá ibẹ̀. Kúùkù ni yín!”

Mi ò gbọ́ èyí rí láyé mi. Mo wo bàbá mi. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Ta wá ni ọ̀gá ọkọ̀ yìí?” ló béèrè.

“Èmi ni,” ni màmá mi dáhùn.

“Á jẹ́ pé ìwọ lo máa kẹ́yìn.” “Mi ò lè fi ọ́ sílẹ̀ nínú omi. Mi ò lè ṣe é.”

Bàbá mi yíjú sí fèrèsé, ó fi ìka méjì tú okùn tẹlifíṣọ̀n. Bó ṣe tú u báyìí, tẹlifíṣọ̀n wọ omi, gbùà! Lẹ́yìn ogún ọdún tí a ti ń fi okùn yẹn ṣẹ̀fẹ̀, àṣé òótọ́ ni pé òun ló dì í mú. Bàbá mi ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó fi okùn náà ta kókó sí màmá mi ní ìbàdí, ó ní kókó yẹn kì í yẹ̀, kì í sì í fún èèyàn níkùn. Ó ta ìdí kejì okùn náà mọ́ ara tirẹ̀.

“Ó yá. Ẹnì kan ò ní ṣíwájú ẹnì kan.”

Wọ́n há sẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti tò tẹ̀ léra. Mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, mo tì wọ́n jáde, mo gbé wọn sórí ọmọlanke, mo sì padà lọ ti ilẹ̀kùn.

Bàbá mi bojú wẹ̀yìn, ó wò mí. “Ọ̀gá,” ló pè mí, kò sì rẹ́rìn-ín, “ṣé gbogbo èèyàn ti jáde?”

“Gbogbo wọn ti jáde, sà.”

Ó mi orí pé ó dáa. Ó wá yíjú sí màmá mi tó ń bó ọ̀kan lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́wọ́, ó sì la ẹnu kó fún òun jẹ.